Lẹ́yìn 'Ẹ Pẹ̀lẹ́' Orí WhatsApp, Ta Ló Kù Pẹ̀lú Òbí Tó Ń Ṣọ̀fọ̀ Ọmọ?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra páàdì bíréèkì ní Ládìpọ̀. Bọ̀dá tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ wọn fi fóònù wọn hàn mí. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin, kú ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé fọ́tò ẹ̀ sórí status WhatsApp, 'ẹ pẹ̀lẹ́' tó wọlé lé ní 200. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó dárúkọ ọmọ náà mọ́.

Wọ́n ní, "Àfi ọkùnrin kan tí ọmọ tiẹ̀ náà kú. Òun ló ṣì ń fi voice note ránṣẹ́ sí mi lóru."

Ẹ rántí October 31, 2022, tí Ifeanyi, ọmọ Davido, kú síbi ìlúwẹ̀ẹ́ ilé wọn ní Banana Island. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Gbogbo Twitter àti Instagram ló bá wọn sunkún. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà làwọn kan ti di ọlọ́pàá: níbo ni ìyá ẹ̀ wà? Ta ló ń ṣọ́ ọmọ? Ọlọ́pàá gidi sì ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn òṣìṣẹ́ ilé náà lẹ́nu wò nígbà yẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbajúmọ̀ nìkan. Ìwádìí NDHS ti 2023-24 ní, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 110 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Àdúgbò wo ni ò kàn?

Síbẹ̀, ohun tá a máa ń sọ ni pé 'omi ló dànù, agbè ò fọ́.' Àdúrà ni lóòótọ́. Àmọ́ létí òbí, ó lè dà bíi 'panu mọ́, bí òmíràn.' Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba orí fóònù lọ lóru, kí wọ́n lè rí ẹni tó máa jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ ọmọ wọn.

Èrò tèmi ni pé ẹnì kan tó pè lóṣù kẹta wúlò ju 200 tó kọ̀wé lọ́jọ́ kìíní. Ẹ dárúkọ ọmọ náà. Ẹ má bèèrè ohun tó pa á. Bí òbí bá ń sọ pé òun fẹ́ tẹ̀ lé ọmọ òun, ẹ má fi emoji dáhùn: ẹ dìde lọ bá a. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ wà ní Yaba, kò jìnnà sí Ládìpọ̀, kì í sì í ṣe ti wèrè nìkan.

Ta lẹ mọ̀ tọ́mọ ẹ̀ kú lọ́dún yìí? Ẹ pè é lónìí.