Yàrá Olówó Pọ́ọ́kú Tó Wọ́n

Ní oṣù kìíní ọdún kan, wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ kan ní ìlú Calgary, ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Owó ọwọ́ mi kò tó nǹkan, nítorí náà yàrá tí owó rẹ̀ kéré jù ni mo wá. Mo rí ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ ilé onílé kan, ní ìpẹ̀kun ìlú níhà gúúsù. Dọ́là 45 ni wọ́n ń gbà fún alẹ́ kan. Ilé àlejò tí mo rí ní àárín ìlú ń gba dọ́là 80. Alẹ́ mẹ́rin ni mo fẹ́ lò. Mo ṣírò rẹ̀: dọ́là 180 ní ìpẹ̀kun ìlú, dọ́là 320 ní àárín ìlú. Mo ní mo ti jèrè dọ́là 140, inú mi sì dùn.

Òru ni ọkọ̀ òfuurufú wa balẹ̀. Dọ́là 60 ni mo fi wọ takisí dé ilé náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, òtútù ti dé ìwọ̀n 31 nísàlẹ̀ òdo. Kí n tó rin ìrìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, bọ́ọ̀sì ti lọ, ìdajì wákàtí ni òmíràn yóò sì tó dé. Ìka ọwọ́ mi ti kú. Mo pe takisí, mo san dọ́là 52. Ní ọjọ́ tí mo ń padà sílé, mo tún san dọ́là 48. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: dọ́là 160. Èrè 140 ti wọmi, ó sì tún mú 20 dání. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo fi ìṣẹ́jú 25 pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti ń dúró dè mí. Wọn kò gbà mí síṣẹ́. N kò lè búra pé pípẹ́ ló fà á, ṣùgbọ́n ẹni tó sá wọlé tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀ bí ẹni tó sùn dáadáa.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rìnrìn àjò: ẹlòmíràn fún ẹ̀kọ́, ẹlòmíràn fún iṣẹ́, ẹlòmíràn láti lọ kí ọ̀rẹ́. Owó yín kò sì ní pọ̀. Èrò mi ni pé bí ẹ bá ń lọ sí Calgary, ẹ má fi owó yàrá nìkan yan ibi tí ẹ máa wọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ọkọ̀ ojú irin gbà, kí ẹ sì wá ibùwọ̀ sí ẹ̀bá rẹ̀.

Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí ọgbọ́n yìí. Àwọn oníṣòwò àkọ́kọ́ ní ìlú náà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí bàbá mi. Ibi tí odò Bow àti odò Elbow ti pàdé ni Calgary ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Blackfoot, tí wọ́n ti ń gbé ilẹ̀ náà láti ayébáyé, ń pe ibẹ̀ ní Moh'kinsstis. Ní 1875, àwọn ọlọ́pàá North-West Mounted Police kọ́ ilé olódi kan síbẹ̀. Àwọn oníṣòwò wá kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìlà oòrùn odò Elbow, ní àdúgbò tí à ń pè ní Inglewood lónìí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1883, rélùwéè Canadian Pacific dé. Àwọn oníṣòwò rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ibùdókọ̀ yóò wà, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ rélùwéè gbé e sí orí ilẹ̀ tirẹ̀, ní òdì kejì odò. Kí ni àwọn oníṣòwò ṣe? Ní oṣù kìíní ọdún 1884, nígbà tí wọ́n ń ta ilẹ̀ tó wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ náà, odò ti di yìnyín gbagidi. Wọ́n wọ́ ilé pákó wọn gba orí yìnyín kọjá, wọ́n lọ bá ọkọ̀ ojú irin. Ibi tí wọ́n kó lọ yẹn ni àárín ìlú Calgary títí di òní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kà nípa Ìbàdàn yóò rántí ohun tó jọ ọ́. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó wá ṣòwò níbẹ̀ kò kọ́ ilé ìtajà wọn sí ẹ̀bá ọjà àtijọ́ tó wà lábẹ́ òkè Mápó. Gbági àti Dùgbẹ̀ ni wọ́n lọ, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ ibùdókọ̀. Bí oníṣòwò tó ní owó bá ń sá tẹ̀lé ọkọ̀ ojú irin, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó ń wá ní ìpẹ̀kun ìlú?

Rélùwéè ló sọ Calgary di ìlú ilé-iṣẹ́. Ní 1892, A. E. Cross dá ilé-iṣẹ́ ọtí bíà sílẹ̀ ní Inglewood. Ní 1913, Canadian Pacific ṣí ibi ńlá tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe ní Ogden, ibẹ̀ náà sì ni olú ilé-iṣẹ́ rélùwéè náà wà báyìí. Lẹ́yìn tí wọ́n rí epo rọ̀bì ní Leduc ní 1947, àwọn ilé-iṣẹ́ epo kó ọ́fíìsì wọn wá sí Calgary, ilé gogoro sì ń yọ ní àárín ìlú. Owó epo fa èrò, èrò fa ilé, ìlú sì tẹ́ lọ bí ẹní. Ìdí nìyí tí àdúgbò tí yàrá ti rọjú fi máa ń jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ṣe ètò. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ nǹkan márùn-ún sí i: owó yàrá, owó orí, owó ọkọ̀, owó oúnjẹ, àti àkókò. Ẹ ṣe é fún ibùwọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Lórí owó orí, iye tí ẹ bá kọ́kọ́ rí kì í ṣe iye tí ẹ máa san. Ìjọba àpapọ̀ ń gba owó orí dọ́là 5 lórí dọ́là 100, ìjọba Alberta sì ń gba owó orí mìíràn lórí yàrá àlejò. Ẹlòmíràn tún ń gba owó ìtọ́jú yàrá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ alẹ́ méjì péré ni ẹ fẹ́ lò, owó ìtọ́jú yìí lè sọ yàrá olówó pọ́ọ́kú di ọ̀wọ́n gógó. Ẹ wo àpapọ̀ owó náà, kí ẹ fi iye alẹ́ pín in.

Lórí ọkọ̀, ọkọ̀ ojú irin ìgboro Calgary, tí wọ́n ń pè ní CTrain, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1981. Ọ̀nà méjì ló ní, pupa àti búlúù, méjèèjì sì jọ ń gba 7 Avenue kọjá ní àárín ìlú. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó sì sọ̀ kalẹ̀ láàrin 7 Avenue yẹn, kì í san owó. Níta ibẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì kan wà fún ìṣẹ́jú 90, ẹ sì lè fi wọ ọkọ̀ ojú irin àti bọ́ọ̀sì. CTrain kò dé pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì 100 ń gbé èrò láti ibẹ̀ lọ sí ibùdókọ̀ McKnight-Westwinds, ní ọ̀nà búlúù, láti ibẹ̀ ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú irin dé àárín ìlú. Bí mo bá mọ èyí ní ọjọ́ náà, tí mo sì ra ìwé ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ ní ọ̀sán, dọ́là 60 ì bá wà lápò mi.

Irú ibùwọ̀ wo ni kí ẹ wá? Ilé àlejò tí ènìyàn mẹ́rin tàbí mẹ́fà ti ń jọ sùn nínú yàrá kan wà ní àárín ìlú. Ibùsùn kan ṣoṣo ni ẹ máa san owó rẹ̀. Ẹ mú àgádágodo kékeré dání fún ẹrù yín. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé bá ti lọ sílé, University of Calgary máa ń gba àlejò sí ilé akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà pupa sì gba ẹ̀bá ọgbà náà. Ibi tó ní ilé ìdáná ni kí ẹ wá. Ẹni tó lè se ìrẹsì àti ẹyin fúnra rẹ̀ ti dín owó oúnjẹ kù. Bí ẹnu yín bá ń wá gàrí tàbí ata gidi, ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí 17 Avenue SE, tí wọ́n ń pè ní International Avenue. Ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ àwọn ará Áfíríkà àti Éṣíà wà níbẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ ilé ẹni kan ni ẹ fẹ́ yá fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Ìjọba ìlú Calgary pa á láṣẹ pé ẹni tó bá ń fi ilé rẹ̀ gba àlejò bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìpolówó rẹ̀. Ẹni tí kò kọ nọ́ńbà, tó sì ní kí ẹ fi gbogbo owó ránṣẹ́ kí ẹ tó rí ilé, ẹ fi í sílẹ̀. Owó tó bá lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà.

Ẹ tún wo ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà. Ní oṣù keje, wọ́n ń ṣe Stampede fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọdún ìdíje ẹlẹ́ṣin tí Guy Weadick dá sílẹ̀ ní 1912. Èrò máa ń ya wọ̀lú, owó yàrá sì máa ń gòkè. Bí kì í bá ṣe Stampede gan-an ni ẹ ń lọ wò, ẹ yẹra fún ọjọ́ wọ̀nyẹn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Kí ni ẹ ń da ara yín láàmú sí? Ṣé kò sí ọmọ Yorùbá ní Calgary ni? Ẹ dé sí ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀fẹ́ ni.” Òótọ́ ni pé wọ́n wà níbẹ̀, òótọ́ sì ni pé ilé Yorùbá kì í lé àlejò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ẹni tó gbà yín sílé yóò ra ẹran tí kì í rà tẹ́lẹ̀. Yóò fi yàrá ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Yóò tọrọ àyè níbi iṣẹ́ láti wá gbé yín ní pápákọ̀. Kò ní sọ fún yín, nítorí ìtìjú ni fún un. Bí ó bá jẹ́ ẹbí yín ni, tàbí ẹni tó fúnra rẹ̀ ní kí ẹ wá, ẹ lọ, kí ẹ mú ẹ̀bùn dání, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa padà kí ẹ tó dé. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ yín ló fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀, ẹ san owó ilé àlejò, kí ẹ wá kí i ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Inú tiyín àti inú tirẹ̀ ni yóò dùn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àárín ìlú kì í dákẹ́ lóru. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè lọ sí ibùdókọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí àárín ìlú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹsẹ̀ yín lè gbé yín láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibùdókọ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àní nínú yìnyín. Bí ẹ bá ní mọ́tò, tàbí tí iṣẹ́ yín bá wà ní ìpẹ̀kun ìlú náà gan-an, ọ̀rọ̀ mi kò kàn yín.

Mo ti padà sí Calgary lẹ́yìn ìgbà yẹn. Àárín ìlú ni mo wọ̀ sí, ibùsùn kan nínú yàrá ènìyàn mẹ́fà. Ní ọjọ́ kan tí n kò ní iṣẹ́, mo fi ẹsẹ̀ rìn gba 9 Avenue lọ sí ìlà oòrùn, mo gba orí afárá odò Elbow kọjá, mo wọ Inglewood. Mo dúró díẹ̀ lórí afárá náà, mo wo omi, mo rántí àwọn tó wọ́ ilé wọn kọjá níbẹ̀. Nígbà tí mo padà dé ilé àlejò, mo ṣírò owó ọkọ̀ tí mo ná ní ọjọ́ náà. Kò sí.