Ilé Àtijọ́ Kò Kọ Àtúnṣe, Ìparun Ni Ó Kọ̀



Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Bàntẹ̀, tí mo sì ń gbọ́ ní Sávàlú. Bí àwọn ọmọ ilé bá fẹ́ wó ilé baba ńlá wọn, ẹnì kan nínú wọn yóò sọ pé: "Ilé yìí kì í ṣe ilé àtijọ́ mọ́. Baba wa àgbà ti yí òrùlé rẹ̀ padà. Baba wa ti fi yàrá méjì kún un. Kí ló kù tí a fẹ́ pa mọ́ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a wó o, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́. Baba wa àgbà náà ti yí padà kí ó tó kú. Irun rẹ̀ funfun, eyín rẹ̀ ká, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ṣé ẹnikẹ́ni sọ pé kì í ṣe baba wa mọ́?

Ẹ jẹ́ kí a wo ààfin Àgbómẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Sávàlú lọ sí Kútọnu yóò gba Bohicon kọjá. Àgbómẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Láti ọdún 1625 títí dé ọdún 1900, ọba méjìlá ló jẹ níbẹ̀ lẹ́yìn ara wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ààfin wọn. Bí ọba tuntun bá jẹ, a kọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ti àwọn tó ti lọ, nínú ọgbà kan náà. Ọba Akaba nìkan ló ní ọgbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Báyìí ni ilé ń bí ilé, títí ààfin náà fi gba ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà 47.

Ẹ wá ka ohun tí ojú ààfin yìí ti rí. Ní ọdún 1892, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Faransé ń bọ̀, Ọba Béhanzin fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n dáná sun ún. Lẹ́yìn náà wọ́n tún àwọn ilé kan kọ́. Ní ayé àwọn Faransé, wọ́n fi páànù rọ́pò koríko lórí òrùlé àwọn ilé kan. Ní oṣù kẹta ọdún 1984, ìjì líle jà, ó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ níbẹ̀. Ní ọdún 1985, UNESCO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ orúkọ ààfin náà sínú ìwé àwọn ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní ọdún kan náà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu. Ọdún 2007 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ewu náà. Ní ọdún 2009, iná tún jó àwọn ilé kan níbẹ̀.

Ilé tí iná jó, tí ìjì wó, tí wọ́n pààrọ̀ òrùlé rẹ̀, tí wọ́n tún kọ́, òun ni gbogbo ayé ń pè ní ohun iyebíye. Ta ló wá sọ fún yín pé ilé tí a ti tún ṣe kò yẹ ní títọ́jú?

Ṣùgbọ́n àtúnṣe kì í ṣe ọ̀kan náà. Òrùlé koríko gùn, etí rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi a ṣàn jìnnà sí ògiri. Bí a bá wá fi páànù tí etí rẹ̀ kúrú bo ilé náà, òjò á máa na ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀. Páànù kò ṣẹ̀. Ẹni tó gé etí rẹ̀ kúrú ló ṣẹ̀.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Ní agbo ilé wa, mọlémọlé kan wá, ó ní òun yóò sọ ilé baba wa di tuntun. Ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ó dán, inú wa dùn, a sì sanwó. A kò mọ̀ pé amọ̀ ń mí. Omi gba ìsàlẹ̀ wọlé, kò rí ọ̀nà jáde mọ́ nítorí sìmẹ́ńtì ti dí i. Ògiri rà nínú bí iṣu tó rà nínú èèpo. Nígbà òjò kejì, ìhà kan wó lulẹ̀ lóru. Ọlọ́run ló yọ wá, kò sí ẹni tó sùn níbẹ̀. Àwọn àgbà máa ń fi amọ̀ tún amọ̀ ṣe, wọ́n á sì fi omi tí wọ́n sè pẹ̀lú èèpo èso igi irúgbá rẹ́ ẹ. Àwa fi ọgbọ́n wọn sílẹ̀, a sì fi owó wa ra ìwólulẹ̀.

Ní Àgbómẹ̀, ilé kan wà tí Ọba Glele kọ́, tí àwòrán amọ̀ wà lára ògiri rẹ̀. Ní ọdún 1988, ilé náà ti bàjẹ́ débi pé wọ́n ní láti wó o kí wọ́n tún un kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ gé àwọn àwòrán náà kúrò lára ògiri. 50 nínú 56 ló kù. Láti ọdún 1993 dé 1997, àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ Getty láti Amẹ́ríkà jọ tọ́jú wọn. Ẹ ò rí i? Bí ó bá tilẹ̀ di dandan kí a wó ilé, ọ̀nà wà tí a lè gbà wó o.

Ẹnì kan á dáhùn pé: "Ààfin àwọn tó kó wa lẹ́rú nìyẹn. Kí ló kan Nàgó?" Òótọ́ ni pé wọ́n kó wa. Ní ayé Glele, ní ọdún 1886, ogun Àgbómẹ̀ pa Kétu run. Ogun tí wọ́n bá àwọn aládùúgbò wọn jà wà nínú àwòrán ara ògiri wọn. Ìdí nìyẹn tí èmi kò fi fẹ́ kí ògiri náà wó. Ẹlẹ́rìí ni. Bí ẹlẹ́rìí bá kú, ta ni yóò gba ọmọ wa gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀?

Ẹlòmíràn á ní: "Iṣẹ́ ìjọba ni." Ẹ gbọ́ èyí. Ní Tinubu, ní ìlú Èkó, ilé kan wà tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1855, ní irú ọnà tí àwọn Àgùdà mú bọ̀ láti Bràsílì. Ní ọdún 1933 ó di ti ìdílé Olaiya, wọ́n sì ń pè é ní Ilojo Bar. Ní ọdún 1956 ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wó o. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o. Ìwé ìjọba kò lè di ògiri mú bí àwọn tó ni ilé kò bá tọ́jú rẹ̀, tí ìjọba náà kò sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ríbi wọ̀ ọ́.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa sùn lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Páànù wà lórí ilé tèmi náà. Ẹ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù yín bí ẹ bá lówó, ṣùgbọ́n ẹ kọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ ti baba yín, bí àwọn ọba wọ̀nyẹn ti ṣe. Bí ògiri amọ̀ bá sán, ẹ fi amọ̀ dí i. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé gùn. Ẹ la ojú omi kúrò ní ìdí ògiri.

Kí ẹ sì mú gègé yín. Ní ọdún 1892, Ọ̀gágun Dodds kó ẹrù ààfin Àgbómẹ̀ lọ sí Faransé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun 26 padà wálé. Ìlẹ̀kùn mẹ́rin láti ààfin Glele wà lára wọn. Àwọn tó kó ẹrù lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa tí a ni ẹrù ńkọ́? Ta ló kọ́ ilé yín? Ta ló yí òrùlé rẹ̀ padà? Ta ni wọ́n bí sí yàrá wo? Ẹ bi àwọn àgbà lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí. Bí kì í bá ṣe fún irú iṣẹ́ yìí, kí ni a kọ́ ìwé kíkọ fún?