Ẹ̀bẹ̀ sí Gbogbo Ọmọ Ìbàràpá: Ẹ Jẹ́ Ká Bèèrè Ẹ̀tọ́ Ilé Ìwòsàn Wa

Ìlú ìbejì ni gbogbo ayé mọ Igbó-Ọrà sí. Tí ọdún ìbejì bá dé, àlejò á wọ́ wá láti ibi gbogbo, àwọn oníròyìn á gbé kámẹ́rà dání, wọ́n á máa ya Táyé àti Kẹ́yìndé nínú àǹkárá kan náà. Ohun tí kámẹ́rà kì í yà ni bí ìyá wọn ṣe bí wọn. Oyún ìbejì le ju oyún ọmọ kan lọ. Ó máa ń tètè bọ́ ṣáájú oṣù rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń bá ìyá jà nínú rẹ̀, ilé ọmọ tó sì ti fẹ̀ jù kì í tètè sún kì lẹ́yìn ìbí, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya lára rẹ̀ lóru lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlú tó ń bí ìbejì tó báyìí ló yẹ kí agbẹ̀bí tó mọṣẹ́ pọ̀ sí ju ibikíbi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àwọn ọmọ Ìbàràpá kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí gbogbo ọmọ ìlú méjèèje, Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan, àti àwọn abà tó yí wọn ká. Ẹni tó wà nílé, ẹni tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó, ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. Owó kọ́ ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ ń bèèrè lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn yín ni.

Ìbàràpá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìlera. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà, kí wọ́n gbé àárín àwọn ará ìlú, kí wọ́n máa wọlé tọ àwọn èèyàn, kí wọ́n rí bí àìsàn ṣe ń ti inú omi, oúnjẹ àti ilé jáde. Ara àwọn èèyàn wa ni ọ̀pọ̀ dókítà ti kọ́ṣẹ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ òkèèrè nínú wọn báyìí kò sì kéré. Gbèsè wà nílẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹ́ ò sì tijú láti rán wọn létí.

Àwọn àgbà Ìdèrè kò gbàgbé sòbìà. Nígbà náà, ẹni tó bá mu omi adágún tí kòkòrò wíńníwínní tó ń gbé sòbìà wà nínú rẹ̀ lọ́dún yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó lé ròrò. Ibi tó lé náà á bẹ́, aràn funfun tó lè gùn tó mítà kan á yọrí. Wọn kì í fà á yọ lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà já sínú ẹran ara. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ká a mọ́, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àgbẹ̀ náà á wà lórí ìjókòó, iṣu rẹ̀ á wà nínú ebè.

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sì sí oògùn tó ń wò ó. Síbẹ̀ ó lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tí sòbìà ń dà láàmú káàkiri Nàìjíríà, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi àti kànga tí wọ́n gbẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a kì í sábà yìn ni ti àwọn ará abúlé tó yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n ń ka aláìsàn láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n sì ń fi iye wọn ránṣẹ́ lóṣooṣù. Kò sí ìjọba tó lè ní òun ò gbọ́, nítorí iye náà wà nínú ìwé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ fẹ́ kí a tún dìde sí.

Òfin ti wà nílẹ̀. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 pa á láṣẹ pé, ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò gbogboogbò ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ sí ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé. Ọdún mẹ́rin kọjá kí owó náà tó wọ inú ìṣúná. Ní 2018, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àti àwọn oníṣègùn ti pariwo títí, wọ́n ya nǹkan bí bílíọ̀nù márùndínlọ́gọ́ta náírà sọ́tọ̀ fún un. Nǹkan bí ìdajì owó yìí jẹ́ ti adójútòfò ìlera fún aláìní, aboyún, ọmọ wẹ́wẹ́ àti arúgbó. Apá mìíràn ń lọ tààrà sí àpò ilé ìwòsàn kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Nǹkan bí ₦300,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Owó náà kò tó kọ́lé, ṣùgbọ́n ó tó ra oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó tó tún fíríìjì àjẹsára ṣe, ó tó san owó ọkọ̀ tó máa gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, tí í ṣe àwọn ará ìlú fúnra wọn, ló yẹ kó jókòó pẹ̀lú olórí ilé ìwòsàn láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe.

Mélòó nínú wa ló mọ alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀?

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tún sọ pé ó yẹ kí nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí mẹ́rin wà ní ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí tọ̀sán-tòru. Aboyún tí wọ́n gbé láti abà sórí ọ̀kadà, tí ọkọ rẹ̀ fi iná fóònù mọ̀nà, tó wá bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà, kò ní rí ìlànà náà lò. Ilé tí wọ́n kùn dáadáa kì í gbẹ̀bí. Èèyàn ló ń gbẹ̀bí.

Àwọn ará wa ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Nígbà tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, gómìnà wọn nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọrẹ̀ ní 2009, wọ́n ń forúkọ aboyún sílẹ̀, wọ́n fún wọn ní fóònù, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera tó ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Nígbà tó yá, wọ́n fa àwọn ìyá àbíyè mọ́ra, wọ́n ń fún wọn ní nǹkan fún aboyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá mú wá sí ilé ìwòsàn. Àwọn ìyá àbíyè wa náà wà, aráàlú fọkàn tán wọn, kò sì sí ìdí tí a ó fi tì wọ́n sẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ mọ rírì àwọn ọmọ wa tó ń kó oògùn wálé ní Kérésìmesì, tí wọ́n ń tọ́jú èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru kì í gbọ́ ti oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá tí wọ́n yẹ̀ wò ní Dìsẹ́ńbà ṣì nílò oògùn ní Máàṣì. Ní Kwárà, níbi tí adójútòfò ìlera fún ará abúlé ti bẹ̀rẹ̀ ní 2007, àwọn olùwádìí rí i pé ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sílẹ̀ dáadáa, ètò náà sì jẹ́ kí wọ́n ní ilé ìwòsàn tí wọ́n lè máa padà sí. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ná owó, kó fi forúkọ òbí rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ká tó sọ̀rọ̀ oògùn ọjọ́ méjì.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ìjọba ń ṣe, èyí tó jáde ní 2011, fún ẹnikẹ́ni láyè láti kọ̀wé béèrè, ọjọ́ méje sì ni ilé iṣẹ́ ìjọba ní láti fèsì. Láti Júláì 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dájọ́ pé kí owó káńsù máa dé ọwọ́ káńsù tààrà. Alága káńsù kò gbọdọ̀ rí ibi fi ẹjọ́ sí mọ́ tí a bá bi í léèrè agbẹ̀bí. Ọmọ wa tó wà lókè òkun kò ní ọ̀gá ní káńsù tó lè fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìbéèrè, ó yẹ kí ohùn rẹ̀ le ju ti nọ́ọ̀sì tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gbé òun lọ sí ibòmíràn.

Ohun tí ẹgbẹ́ ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù yín lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì tún lọ lóru. Ẹ kọ iye agbẹ̀bí tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ sílẹ̀, ẹ bèèrè ìgbà tí owó dé kẹ́yìn àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹ bèèrè jẹ́jẹ́. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá wa. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ rí ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín lókè òkun, kí wọ́n fi kọ lẹ́tà sí alága káńsù, sí aṣojú wa ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn àti Àbújá, kí ọba ìlú sì gba ẹ̀dà tirẹ̀. Tí ọjọ́ méje bá pé láìsí èsì, ẹ tún òmíràn kọ. Kí oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ tó pé, ẹgbẹ́ ń retí lẹ́tà kan, ó kéré tán, láti wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní Ìbàràpá.