Bọ́ìsì-kọ́tà Ẹ̀yìnkùlé àti Owó Orí Ilé l'Ékòó

Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ bọ́ìsì-kọ́tà wò. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá ń ṣírò Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé, wọn a wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó àti iye rẹ̀, wọn a sì wo bí ohun tí a kọ́ sórí rẹ̀ náà ṣe fẹ̀ tó. Yàrá méjì tí ẹ kọ́ ti ògiri ẹ̀yìn, ó ń wọ inú ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló ti ń dunni jù. Lábẹ́ òfin ọdún 2020, ilé tí onílé nìkan ń gbé ń san ìdá 0.0394 nínú ọgọ́rùn-ún iye rẹ̀. Bí onílé àti ayálégbé bá jọ ń gbé ibẹ̀, ó di 0.132. Fún ilé tí wọ́n díye lé ní mílíọ̀nù 50 náírà, kí á tó yọ ẹ̀dínwó, ₦19,700 di ₦66,000 nìyẹn. Gbogbo ilé pátá ni ìdá tuntun náà sì bá, kì í ṣe yàrá ayálégbé nìkan!

Ìyá àgbà tó gba ayálégbé kan sẹ́yìnkùlé nítorí àtijẹ, ṣé ó yẹ kí a kà á mọ́ oníṣòwò ilé? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba ṣírò yàrá náà lọ́tọ̀.

Ní báyìí ná, òfin fún yín láyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí iye tí wọ́n bù fún yín. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wo ìwọ̀n ilé àti irú ìlò tí wọ́n kọ sínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.