Ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́run Kì í Ṣe Tẹ́tẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú ọrọ̀ ajé, mo sì kí yín kú àmúmọ́ra. Mo fi àmúmọ́ra kún un nítorí pé ojú wa ti rí nǹkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, náírà bébà wọ́n débi pé owó la fi ń ra owó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti tán. Kò pẹ́ rárá tí lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fi di nǹkan bíi 500. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, náírà tún já wálẹ̀. Ẹni tó ń ra ọjà láti tún un tà kò nílò kí n sọ ìyókù fún un.

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ bú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ ọ́. Nígbà tí nǹkan bá le, ẹlòmíràn á tún ọjà rẹ̀ ṣe, á dín ìnáwó kù, á sì bẹ Ọlọ́run. Ẹlòmíràn á ní, "Bóyá tèmi ló máa jẹ lónìí." Ọ̀rọ̀ "bóyá" yìí ló ń kó wa lówó lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Kò sí ẹni tó ń dá iṣẹ́ tẹ́tẹ́ sílẹ̀ kó lè máa pín owó ara rẹ̀ fún aráàlú. Owó àwọn tó pàdánù ló fi ń san ti ẹni tó jẹ, lẹ́yìn tó bá ti yọ tirẹ̀ kúrò. Ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀ ládùúgbò; ẹni tó pàdánù ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta kì í pariwo, ó kàn ń bá ìyàwó rẹ̀ jà nílé ni.

Ti àwọn tó ní àwọn á sọ owó di púpọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. MMM ṣèlérí èlé 30 lórí 100 lóṣooṣù. Ẹ mú kálámù: bí ẹ bá fi 10,000 náírà sílẹ̀ tí èlé náà ń gun ara wọn, ní oṣù 12 ó gbọ́dọ̀ ti lé ní 230,000, ní ọdún méjì, ó ti lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Irú ọjà wo ni wọ́n ń tà tó ń mú irú èrè bẹ́ẹ̀ wá? Kò sí. Owó ẹni tó wọlé lẹ́yìn ni wọ́n fi ń san ti ẹni tó wọlé ṣíwájú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí àwọn èèyàn ń retí owó ọdún Kérésìmesì, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa, ọ̀pọ̀ kò sì rí owó wọn gbà mọ́. A rò pé a ti gbọ́n. Oṣù Kẹrin ọdún 2025 dé, CBEX tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn, inú bí àwọn èèyàn débi tí wọ́n fi ya wọ ọ́fíìsì wọn, tí wọ́n sì kó ohun tí ọwọ́ wọn bà. Ṣé àga àti tábìlì lè san owó ọmọ iléèwé?

Ẹnì kan lè ní, "Owó mi ni mo fi ta tẹ́tẹ́, kí ló kan ẹgbẹ́?" Ó kan ẹgbẹ́. Bí ẹni tó ní 100,000 nínú ìpamọ́ bá yá 200,000, owó náà kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Owó aláta ni, owó télọ̀ ni, owó ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ni. Bí ẹni náà bá ní ọjà lòun fẹ́ fi rà, tó wá fi ta tẹ́tẹ́, tí kò sì rí i san, a ó kọ́kọ́ yọ ìpamọ́ rẹ̀. 100,000 tó kù, àwọn onídùúró méjì ló máa pín in ru, 50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, èlé ṣì wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń dá 2,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 25 ló fi kó 50,000 náà jọ. Òógùn ọ̀sẹ̀ 25 ló lọ yẹn, nítorí "bóyá" ẹlòmíràn.

Kí ni Bíbélì wá sọ? Àìsáyà orí 65 bá àwọn tó ń tẹ́ tábìlì fún òrìṣà oríire wí. Ẹ ò rí i pé àìsàn yìí ti pẹ́ láyé? Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí náà mọ̀ pé Kùránì ka tẹ́tẹ́ léèwọ̀. Àmọ́ ìtàn tó máa ń wọ̀ mí lára jù ni ti opó inú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fi gbèsè sílẹ̀, olówó sì fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sóko ẹrú. Ó sá tọ Èlíṣà lọ. Èlíṣà kò sọ fún un pé kó lọ dán oríire rẹ̀ wò. Ohun tó bi í ni ohun tó ní nílé. Ó ní ìkòkò òróró kan péré. Èlíṣà ní kó lọ yá ìkòkò lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kó má sì yá díẹ̀. Ọlọ́run ló bù sí òróró náà, iṣẹ́ ìyanu ni. Ṣùgbọ́n opó náà ló rìn kiri àdúgbò, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ ló bu òróró, òun ló sì tà á. Nígbà tí owó wá dé ńkọ́? Gbèsè ni Èlíṣà ní kó kọ́kọ́ san, kí wọ́n tó máa jẹ ìyókù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ibẹ̀ kà dáadáa. Ohun tó wà lọ́wọ́, ìrànwọ́ aládùúgbò, iṣẹ́, gbèsè sísan, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìtàn kan.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ ti di pásítọ̀ ni? Ṣé oríire ò wá sí mọ́ ni?" Oríire wà, a sì ń kí ara wa kú oríire. Rúùtù ṣe kòńgẹ́ oko Bóásì. Bẹ́ẹ̀ ni Bíbélì ṣe sọ ọ́, bí ẹni pé ó kàn ṣèèṣì ni. Ṣùgbọ́n níbo ni oríire náà ti bá a? Inú oko ló wà, ó ń pèéṣẹ́ lẹ́yìn àwọn olùkórè. Kò jókòó sílé kó máa ka nọ́ńbà.

Ibì kan tún wà tó yẹ ká ṣọ́ra. Àwọn onígbàgbọ́ kan wà láàárín wa tí wọn ò dé ibi tẹ́tẹ́ rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n sọ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ di tẹ́tẹ́. Wọ́n á fi owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ gbin irúgbìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa retí ìlọ́po mẹ́wàá kí oṣù tó parí. Bí kò bá dé, ìbínú Ọlọ́run ni. Lójú tèmi, èyí kì í ṣe ìgbàgbọ́. Owó tó jẹ́ tiwa là ń fún Ọlọ́run. Owó tí a yá jẹ́ ti àwọn tó yá wa títí a ó fi san án. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run lè dúró de àsìkò. Onítẹ́tẹ́ ni kò lè dúró.

Ẹgbẹ́ wa yìí gan-an, inú irú ìgbẹ́kẹ̀lé bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀ kan ti hù. Ní ìgbà òtútù ọdún 1846 sí 1847, ìyàn mú ní ilẹ̀ Jámánì. Friedrich Wilhelm Raiffeisen, onígbàgbọ́ kan tó jẹ́ olórí ìlú Weyerbusch, kó àwọn tó rí jẹ jọ; wọ́n dáwó, wọ́n ra ọkà, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì ń tà á fún aláìní ní owó tó rọjú. Ní ọdún 1864 ó dá ẹgbẹ́ ẹ̀yáwó sílẹ̀ ní Heddesdorf, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń dúró fún ara wọn. Ọgbọ́n yìí tàn káyé. Ní ọdún 1935, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó tètè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọwọ́ Ọlọ́run kò kúrú, àmọ́ ọwọ́ àwa èèyàn ló sábà máa ń lò.

Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ ká jíròrò ní ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀. Èkínní, kí onídùúró má kàn fọwọ́ síwèé nítorí ojú àánú. Kó dé ìsọ̀ ẹni tó fẹ́ yáwó, kó sì bi í ní ọjà tó fẹ́ rà. Èkejì, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kí ẹgbẹ́ san owó náà fún ẹni tó ń ta ọjà, kó má ṣe kọ́kọ́ gba ọwọ́ ẹni tó yá a. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti há tẹ́lẹ̀, yálà tẹ́tẹ́ ló fà á tàbí àìsàn, kó wá bá ìgbìmọ̀ kó tó di pé a ń wá a kiri. A lè fa àkókò ìsanwó gùn. Ẹni tó wá kì í ṣe ọ̀daràn lójú wa. Ẹni tó sá ló ń kó onídùúró rẹ̀ sí wàhálà.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀sẹ̀ yìí, ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ̀lú àdúrà, pẹ̀lú òótọ́ inú: kò yá bíi tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ó bá a nínú ìwé. Ọlọ́run á bù sí i o.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́