Bí Gìrì Bá Mú Ọmọ, Ẹ Fi Ṣíbí Sílẹ̀

Mo kí ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò fojú kan oorun lóru àná nítorí ara ọmọ tó gbóná, mo sì kí ẹ̀yin bàbá tí ẹ sọ pé yóò lọ bí ilẹ̀ bá mọ́. Ọ̀rọ̀ gìrì ni mo mú wá lóṣù yìí. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n àpá gìrì wà lára mi, ohun kan sì wà tí mo ṣe ní ìsọ́-òru kan tí n kò lè gbàgbé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àpá náà. Ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi ọ̀tún, ojú kan wà tó ń dán, tó sì le bí awọ ìlù. Ìyá mi ló sọ fún mi bó ṣe débẹ̀. Mo lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún kan, ibà mú mi, gìrì sì dé. Àwọn àgbààgbà agbo ilé sáré jáde, wọ́n gbé ẹsẹ̀ mi lé ẹyín iná, wọ́n ní bí mo bá ti lè ké, mo ti bọ́ nìyẹn. Mo ké lóòótọ́. Ìyá mi kì í sọ ìtàn yìí kó má nu ojú rẹ̀. Kò sí ẹni tó kórìíra mi nínú agbo ilé yẹn. Ìfẹ́ ni wọ́n fi jó mi lẹ́sẹ̀. Gìrì náà ti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi tọ́jú egbò iná.

Ẹ ó rò pé ẹni tó ní irú àpá bẹ́ẹ̀ yóò ti kọ́gbọ́n. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, a wà nínú ìsọ́-òru, nígbà tí ọmọbìnrin kékeré kan tí kò tíì pé ọdún méjì gan mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ yí sókè, itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ariwo ta. A yí i ká débi pé atẹ́gùn kò ráyè. Ọ̀kan nínú àwọn alàgbà wa ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín kan ká, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹlòmíràn da òróró sí i lẹ́nu. Èmi olùṣọ́-àgùntàn wọn ńkọ́? Mo di orí ọmọ náà mú, mo ń pàṣẹ kí ẹ̀mí jáde, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e kúrò níbẹ̀ títí a ó fi ṣẹ́gun.

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ló ti gbogbo wa sẹ́yìn. Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ mi, ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ lórí ẹní, ó nu ẹnu rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ lọ ṣáná sí mọ́tò yín. Ẹ lè máa gbàdúrà bí ẹ bá ṣe ń wà á."

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n rí i pé ibà ẹ̀fọn tó le ni, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ gan-an. Òróró tí a dà sí i lẹ́nu ti gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọjọ́ mẹ́fà ló sì fi wà lórí ibùsùn. Ọpẹ́ ni fún Olúwa, ọmọ náà yè, ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, mo sì tún tọrọ rẹ̀ lójú ìjọ.

Ìwé Máàkù orí 9 ni mo fi ń gbèjà ara mi lóru ọjọ́ náà, ìtàn ọmọ tí ẹ̀mí máa ń gbé jù sínú iná àti omi. Mo ti ka orí yẹn láìmọye ìgbà láti ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, síbẹ̀ n kò kíyè sí ẹsẹ 21 rí. Kí Jésù tó lé ohunkóhun jáde, ó kọ́kọ́ bi bàbá ọmọ náà léèrè ìgbà tí nǹkan yìí ti ń ṣe é. Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì náà bi ìyá ọmọ nínú mọ́tò mi nìyẹn. Ara ọmọ náà ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sí ẹni tó bi í nínú gbogbo àwa tí a ń pariwo.

Àwọn oníṣègùn sọ pé láti oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún, ọpọlọ ọmọ kò tíì gbó tó láti fara da ara gbígbóná, ìyẹn ló ń mú kí gìrì tètè mú wọn. Ó máa ń rìn nínú ìdílé, èyí tó ń mú kí àwọn kan máa ka ẹbí ìyàwó sí ẹlẹ́bi. Púpọ̀ nínú irú gìrì yìí kì í pé ìṣẹ́jú 5 kó tó dáwọ́ dúró, kì í sì í ba ọpọlọ jẹ́. Nínú ọmọ 3 tó bá ti mú rí, ó lè tún mú 1. Òun kọ́ ni wárápá.

Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, ojú lásán kò lè fi mọ ìyàtọ̀ láàárín gìrì tí yóò lọ fúnra rẹ̀, ibà ẹ̀fọn tó ti gun ọpọlọ, àti àrùn yírùnyírùn tó ń mú kí ọrùn ọmọ le tàbí kí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú. Nítorí náà, ọmọ tí gìrì bá mú gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà tilẹ̀ ti dìde máa ṣeré. Bó bá jẹ́ ọmọ tuntun jòjòló, ẹ má dúró wọ bàtà pàápàá.

Ohun tí ọwọ́ yín máa ṣe kó tó débẹ̀ kò pọ̀. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè ṣàn jáde, ẹ gbé ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ wo aago. Ẹ má di apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ mú pinpin. Kò sí ohun tó yẹ kó wọ ẹnu rẹ̀: kì í ṣe ṣíbí, kì í ṣe ìka, kì í ṣe omi, kì í ṣe oògùn. Ẹ̀rù tí ń ba àwọn ènìyàn pé yóò gbé ahọ́n rẹ̀ mì kò ní ìdí; ahọ́n kò ṣeé gbé mì. Bí ìṣẹ́jú 5 bá kọjá tí kò tíì dáwọ́ dúró, tàbí tí òmíràn dé kí ó tó jí, ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lórí itan yín.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ìgò tó wà lábẹ́ ibùsùn ọ̀pọ̀ ilé, nítorí mo mọ̀ pé ó wà nílé àwọn onígbàgbọ́ pẹ̀lú. Àgbo gìrì ni mo ń wí, èyí tí wọ́n fi ìtọ̀ màálù rẹ ewé tábà, efinrin, aáyù àti àlùbọ́sà. Láti àwọn ọdún 1970 àti 1980 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Májèlé inú tábà lè dá èémí ọmọ dúró, àgbo náà sì ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibà ti fà á wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí gìrì kò lè pa, tó jẹ́ pé àgbo yìí ló pa wọ́n.

Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ ló sábà máa ń gbé ìgò náà wá, ìyàwó ilé kò sì lè la ẹnu sọ pé òun kò fẹ́. Bàbá ọmọ, ìyá rẹ ni. Ìwọ ni kí o kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o sì gba ìgò náà lọ dà nù. Má ṣe ti ìyàwó rẹ síwájú. Bó bá sì ti bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ ná, ẹ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ìtìjú ti mú kí àwọn ìyá kan fi pamọ́, dókítà sì ń wá ohun tí kò sọnù.

Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀, ẹ má da omi tútù lé e lórí, kí ẹ sì lọ ṣe àyẹ̀wò ibà. Ẹ̀jẹ̀ kán ni wọ́n ń gbà, èsì kì í pé ogún ìṣẹ́jú. Parasitamọ́ọ̀lù yóò mú ara tù ú, ṣùgbọ́n kò ní kí gìrì má wá. Ẹ jẹ́ kó máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Ní oṣù December 2024, ìjọba bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà fún àwọn ọmọdé ní ìpínlẹ̀ Kebbi àti Bayelsa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì yín bóyá ó ti dé ọ̀dọ̀ yín.

Ní ìjọ tiwa, ẹní kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn báyìí, aago ńlá sì wà lókè rẹ̀. Lára ògiri níbẹ̀ ni a lẹ orúkọ àwọn tó ní mọ́tò mọ́, àwọn tó ti gbà pé a lè jí wọn nígbàkúùgbà láti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Alàgbà tó ki ṣíbí bọ ọmọ lẹ́nu lóru ọjọ́ náà ló kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀ ṣáájú gbogbo wa.