Ta Ni Yóò Ti Ọwọ́ Bọ Òkìtì?

Ní ọjà Mẹ̀dínà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá níbi òkìtì oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ọlọ́jà ní òjò ni ó pa á. Òjíṣẹ́ bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tí ó tutù sí òkè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá rẹ́ ènìyàn jẹ kì í ṣe ara òun. Hadith yìí wà nínú Sahih Muslim, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọn kì í sábà tọ́ka sí nínú rẹ̀ ni pé olórí ìlú fúnra rẹ̀ ni ó ti ọwọ́ bọ òkìtì náà. Kò dúró de ẹ̀sùn.

Ní Nàìjíríà lónìí, òkìtì náà ti di ohun tí ojú kò rí. Bí ìyá kan bá fi káàdì san owó ìrẹsì, ẹ̀rọ POS yóò fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí báńkì ọlọ́jà, ìyẹn yóò gbé e fún ilé-iṣẹ́ tí ó so àwọn báńkì pọ̀, ilé-iṣẹ́ náà yóò sì kàn sí báńkì tí ó fún ìyá náà ní káàdì. Ọ̀nà kan náà ni ìdáhùn yóò gbà padà. Bí ìdáhùn bá já sọ́nà lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó, àláàtì yóò dún lórí fóònù ìyá náà, ẹ̀rọ yóò sì sọ fún ọlọ́jà pé owó kò wọlé. Ọlọ́jà kò ní jẹ́ kí ó gbé ìrẹsì lọ, kò sì jẹ̀bi. Owó ìyá náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Ta ni?

Òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 fún báńkì náà ní agbára láti ṣe ìlànà fún irú ètò ìsanwó yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, ó pàṣẹ pé bí ATM báńkì ẹni bá yọ owó láìsan án, kí owó náà padà lójú ẹsẹ̀, tàbí ó pẹ́ tán láàárín wákàtí 24. Ti ATM báńkì mìíràn kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 48, ti POS kò sì gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Àṣẹ yìí dára. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá ọjà ni ó gbọ́ nípa rẹ̀? Ẹni tí 8,000 náírà rẹ̀ há sọ́nà kò lè ti ìsọ̀ fún ọjọ́ méjì kí ó lọ máa tò ní báńkì. Bí Báńkì Àpapọ̀ bá fẹ́ ti ọwọ́ bọ òkìtì, kí ó mú báńkì kọ̀ọ̀kan lẹ iye owó tí ó há lóṣooṣù, àti iye wákàtí tí ó fi dá a padà, mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní èdè tí ará àdúgbò gbọ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀. NIBSS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 láti so àwọn báńkì pọ̀, Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn báńkì yòókù ni ó jọ ni ín. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ àti NIBSS gbé káàdì AfriGo jáde, kí orílẹ̀-èdè lè ní tirẹ̀ yàtọ̀ sí Visa àti Mastercard. Ìdí náà mọ́gbọ́n wá (Verve ti ṣáájú ní ọ̀nà yìí), kò sì sí ẹni tí ń fi ẹ̀sùn olè kan ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ìpín nínú ìsọ̀ kan kò yẹ kí ó nìkan di òṣùwọ̀n ọjà náà mú. Ó yẹ kí ojú mìíràn wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí má ṣe rò pé Àbújá nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jókòó lábẹ́ agboòrùn POS. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó tuntun di góòlù, àwọn kan gba 2,000 náírà lórí 10,000 lọ́wọ́ àwọn tí ebi ń pa. Owó iṣẹ́ tí a kọ síta, tí kò yí padà nítorí ojú aláìní, owó ọ̀yà ni. Èyí tí ń gòkè bí ìpọ́njú bá ṣe ń gòkè, ìnilára ni, orúkọ yòówù kí wọ́n pè é.

Èyí tí ó tún burú jù ni ti ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀rọ ní owó kò wọlé, oníbàárà tún san lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kejì, owó àkọ́kọ́ wọlé sí àpò oní-POS. Kò sí Báńkì Àpapọ̀ tí yóò rí i. Suratul Baqarah, ẹsẹ 282, pàṣẹ pé kí wọ́n máa kọ gbèsè sílẹ̀, gbèsè sì ni owó yìí. Oní-POS tí ó bá kọ nọ́ḿbà fóònù oníbàárà tí owó rẹ̀ há, àti ọjọ́ àti iye rẹ̀, sínú ìwé pélébé kan, yóò mọ ẹni tí yóò pè ní ọjọ́ kejì.